Ìdènà Tí Ń Ròyìn

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Fún ìgbà pípẹ́, òfin yàrá ìwádìí náà nìyí: ẹni tí yóò mọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ tín-ín-tín tí a fi mọ gbogbo ohun abẹ̀mí, yóò fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Kí ó tó rí i kedere, lọ́pọ̀ ìgbà, yóò pa á, yóò sì rẹ ẹ́ láró. Ṣé òkú lè fi ìrìn alààyè hàn wá?

Ní 1910, Rudolf Höber, onímọ̀ ará Jámánì, fi iná mọ̀nàmọ́ná dán sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wò. Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ kò ráyè gba inú wọn kọjá. Èyí tí ìlọ-bọ̀ rẹ̀ yá kánkán ń wọlé. Ohun kan ní láti bò wọ́n lára. Ní 1925, Hugo Fricke ṣírò nínípọn ìbora náà: bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000,000, ó tó nǹkan bí 3.3 nínú rẹ̀. Awò tí ó lè fi í hàn kò tí ì sí nígbà náà.

Lẹ́yìn náà ni Ivar Giaever, ọmọ Norway tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1973, yí ojú sí ohun abẹ̀mí. Ní 1984, ní Amẹ́ríkà, òun àti Charles Keese ròyìn iṣẹ́ wọn. Wọ́n tẹ́ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ìsàlẹ̀ àwo tí wọ́n ti ń sin sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì ń rán iná tí kò lágbára gba ibẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì ti ń balẹ̀, tí ó ń tẹ́ ara lórí wúrà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dí iná lọ́nà. Bí ó bá ká ara jọ, ọ̀nà tún ṣí. Kódà, nígbà tí wọ́n ti bo wúrà tán, iye ìdènà náà kò dúró lójú kan, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì alààyè ń mira láìsinmi. Ẹnikẹ́ni kò pa wọ́n, ẹnikẹ́ni kò rẹ wọ́n láró.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, mo ṣàkíyèsí pé ìdènà lẹ́nu wa jẹ́ ohun tí a ń bẹ Olódùmarè kí ó mú kúrò. Àwọn wọ̀nyí kò mú un kúrò. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n bi í. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe sọ iye di òrìṣà. Ìdènà tí ó dínkù ń sọ pé nǹkan yí padà. Kò sọ bóyá sẹ́ẹ̀lì kú ni, tàbí ó kàn sún kúrò. Awò ni yóò bá wa parí ẹjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ṣì wà lójú, ṣùgbọ́n kò sí lójú nìkan mọ́.