Ọ̀dà Olómi Lórí Bébà, Láti Àgbádárìgì Dé Òṣogbo

Ìtàn àwọn tó fi ọ̀dà olómi ya àwòrán lórí bébà nílẹ̀ wa fọ́n káàkiri, àwọn ìwé tó sọ ọ́ sì ń tako ara wọn. Mo kó o jọ síbí kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i lójú kan.

Àwọ̀ lílọ̀, oje igi àti omi ni wọ́n fi ń po gouache. Ó ki ju ọ̀dà olómi yòókù lọ, ó sì máa ń bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í pẹ́ gbẹ, ife omi kan sì ti tó o, ìdí nìyí tó fi bá ìwé ìyàwòrán tí à ń gbé rìn mu.

Ní Àgbádárìgì, Captain Pearce tó bá òyìnbó arìnrìn-àjò Hugh Clapperton gúnlẹ̀ ní 1825 mọ àwòrán yà, ṣùgbọ́n ó kú lójú ọ̀nà kí ọdún náà tó parí.

Ọ̀dọ̀ ayàwòrán Aina Onabolu ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí ní 1882. Ní 1906 ó fi ọ̀dà olómi ya Ìyáàfin Spencer Savage, láìsí olùkọ́ kankan tó kọ́ ọ. Ó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ó padà ní 1922, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé l'Ékòó. Àwọn kan ṣì ń kọ ọ́ pé Kenneth Murray, òyìnbó tó dé ní 1927, ló mú ẹ̀kọ́ àwòrán wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Onabolu ló ń rọ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ kún un, ìyẹn ló sì gbé Murray dé. Àwọn méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan: Onabolu fẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ya ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, Murray fẹ́ kí ó ya láti inú àṣà rẹ̀. Ti Onabolu ni mo fara mọ́, nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kò sí àṣà tí kò lè yà. Síbẹ̀, èso iṣẹ́ Murray hàn: ní 1937, wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Zwemmer Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, Ben Enwonwu sì wà lára wọn.

L'Óṣogbo, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní 1962. Twins Seven-Seven jáde láti ibẹ̀, ó ń fi yíǹkì àti gouache yàwòrán lórí bébà.

Lóde òní, àkírílíìkì àti kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gouache púpọ̀.

Ẹ̀yin tí ìwé ìyàwòrán àtijọ́ wà nílé yín létí òkun, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án, nítorí gouache máa ń yọ́ padà, ọ̀rinrin sì ń mú kí bébà bu. Ẹ fi bébà mímọ́ sáàárín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé e síbi gbígbẹ.