Bí Ẹ̀kọ́ nípa Ènìyàn ti Di Ìwòsàn ní Aro

Ìlú wa Ìkòyí, tí ó súnmọ́ Apòmù, tí Ìkirè kò sì jìnnà sí i, wà láàrin Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀. Nítorí náà, bí a kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, yunifásítì ni a ó bá. Bí a kọjú sí ìlà-oòrùn, yunifásítì náà ni. Bí ọmọ wa kan bá wí pé iṣẹ́ ìṣègùn tàbí ìmọ̀ òfin ni òun fẹ́ lọ kọ́, inú gbogbo ẹbí a dùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé ìwà àti ìṣe àwùjọ ni òun fẹ́ kọ́, tàbí ẹ̀kọ́ ìrònú jinlẹ̀ tí a ń pè ní filọ́sọ́fì, àwọn àgbà a wo ara wọn lójú, wọn a sì bèèrè pé, "Kí ni a ó fi èyí jẹ?" Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, ó sì yẹ kí a fi ìtàn dá a lóhùn.

Abẹ́òkúta ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ìlú tí ogun dá sílẹ̀. Ogun náà kò ṣe àjèjì sí wa, nítorí jíjí ènìyàn gbé ní ọjà Apòmù wà lára ohun tí ó fà á. Ogun yìí ni ó fọ́ Òwu, tí ó sì tú àwọn Ẹ̀gbá ká kúrò nínú igbó wọn, títí wọ́n fi dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ-ogun kan ń ti òkè òkun bọ̀ tí ọkàn wọn ti dàrú. Ní 1944, ìjọba sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Lantoro ní Abẹ́òkúta di ibi ìtọ́jú wọn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni a rí fún aláìsàn! Ṣùgbọ́n kí a tó dá ìjọba lẹ́bi, kí a rántí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí àwa náà ń kó sí ẹsẹ̀ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa.

Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo dé sí Aro, létí Abẹ́òkúta, láti ṣe olórí ilé ìwòsàn tuntun tí a ń kọ́ fún àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. 1923 ni a bí i. Baptist Boys' High School ni ó ti kàwé kí ó tó lọ kọ́ ìṣègùn ní Birmingham. Nígbà tí ó dé, ilé náà kò tí ì parí, àwọn aláìsàn sì ń dúró. Dókítà mìíràn ìbá wí pé kí wọ́n padà wá nígbà tí ibùsùn bá wà. Lambo kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tọ àwọn àgbà abúlé tí ó yí Aro ká lọ, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sí ilé wọn, kí wọ́n sì máa gba owó ilé. Májẹ̀mú kan ni ó so mọ́ ọn: aláìsàn kan kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá rẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni o, ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ rẹ̀, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìtọ́jú, aláìsàn a padà sí abúlé, a bá wọn lọ sí oko, a bá wọn jó bí ijó bá wà, a jókòó níbi tí àwọn ará ilé bá jókòó. Ilé ìwòsàn, ní tirẹ̀, bá àwọn abúlé ṣe omi, ó sì rán àwọn tí yóò máa pa ẹ̀fọn sí wọn.

Kí a má ṣì í gbọ́: Lambo kò kọ oògùn òyìnbó sílẹ̀. Ohun tí ó fi kún un ni ìmọ̀ bí Yorùbá ti ń gbé. Ó mọ̀ pé lójú wa, ẹni tí a bá yọ kúrò láàrin ẹbí rẹ̀ ti di ìdajì ènìyàn. Bí a bá tì í mọ́lé fún ọdún kan, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá, kò ní mọ ọ̀nà tí yóò gbà padà sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ti rí bí àrùn náà ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní bẹ̀rù ọmọ náà nígbà tí wọ́n bá délé. Lambo pe àwọn onísègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú láti bá a ṣiṣẹ́, nítorí wọ́n mọ ohun tí aláìsàn ń bẹ̀rù, wọ́n sì mọ èdè tí ó fi ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ní 1961, àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton jẹ́ olórí wọn, dara pọ̀ mọ́ àwọn ará Aro. Wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń bi àwọn ènìyàn léèrè bí wọ́n ti ń sùn àti ohun tí ń dùn wọ́n. Ìwé wọn jáde ní 1963. Ohun tí ó wù wá jù nínú iṣẹ́ náà ni pé wọn kò wo ènìyàn nìkan, wọ́n wo abúlé rẹ̀ pẹ̀lú: níbi tí ìrẹ́pọ̀ ti fọ́, àrùn ọkàn pọ̀ níbẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ogun Òwu ṣe sí agbègbè wa kò ní ṣe iyèméjì.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ wá gbọ́ tiyín. Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà, ṣiṣẹ́ ní Aro láti 1957. Ó rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá pẹ̀lú ẹ̀sùn kan náà: orí ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú ń ṣú, wọn a ka ìwé tán, kò sí ohun tí ó dúró nínú wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn pè é ní "brain fag", Prince sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1960. Ó rò pé ẹrù ni ó ń pa wọ́n: gbogbo ẹbí ni ó dá owó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ nìkan ni ó ń dá jókòó ti ìwé. Ní 1980, Dókítà Mórákínyọ̀ ti Ifẹ̀ fi òmíràn kún un: àìsùn, àti àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ tàbí ń mu kí oorun má bàa kùn ún. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn wí pé àníyàn àti ìbànújẹ́ lásán ni, irú èyí tí ó wà níbi gbogbo. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ọ̀rọ̀ náà kan Ìkòyí. Àwa tí a ń fi ìgboyà jagunjagun kì, ó máa ń ṣòro fún wa láti wí pé ọkàn wa rẹ̀. Orí fífọ́ ni a ń wí, olùkọ́ a sì pe ọmọ náà ní ọ̀lẹ.

Ti filọ́sọ́fì ńkọ́? Ní Ifẹ̀, Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀ bá àwọn onísègùn ilẹ̀ Èkìtì jókòó, wọ́n bi wọ́n léèrè ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin "mo mọ̀" àti "mo gbàgbọ́". Ìwé wọn jáde ní 1986. Ìdáhùn àwọn àgbà náà ni pé ohun tí a fi ojú wa rí, tí ó sì yé wa, ni a mọ̀. Ohun tí a gbọ́ tí a sì gbà, ìgbàgbọ́ ni. (Ìgbàgbọ́ ti ìjọ kọ́ ni wọ́n ń sọ, kí ẹnikẹ́ni má bínú.) Nípa bẹ́ẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń kọ́ nínú ìwé ní ilé-ìwé, gbígbà ni a gbà á, a kò tí ì mọ̀ ọ́n.

Ẹ fi èyí wo ilé tí ọkàn ọmọ kan ti dàrú. Ẹnì kan a wí pé ìyàwó baba rẹ̀ ni ó ṣe é. Kí ó tó di alẹ́, gbogbo agbo ilé ti "mọ̀" pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí àgbà kan bá dìde, tí ó bèèrè pé, "Ta ni nínú yín tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i?" ẹ̀kọ́ Ifẹ̀ ni ó ń lò, bí kò tilẹ̀ wọ yunifásítì rí. Obìnrin tí a fẹ́ lé jáde ni ìbéèrè náà gbà là, ọmọ náà sì ní àyè láti dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Lambo kúrò ní Aro lọ sí Ìbàdàn ní 1963, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé kí ó tó kú ní 2004. Òfin tuntun nípa ìlera ọkàn, tí ó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́ ti ìgbà òyìnbó, ni a fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023. Ọdún púpọ̀ ti kọjá láti ìgbà tí Lambo ti tọ àwọn àgbà abúlé Aro lọ, síbẹ̀ ní 2019 a ṣì rí àwọn aláìsàn tí a so mọ́lẹ̀ ní ilé onísègùn, ní ilé àdúrà àwọn ìjọ, àti ní ti Mùsùlùmí pẹ̀lú.