Olè Tó Gbé Kàkàkí Ọba

Àwọn àgbà ní: "Olè tó gbé kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n?" Gbangba ààfin ni wọ́n ti ń fọn kàkàkí, síbẹ̀ olè kì í dábàá rẹ̀. Ohun tó ń ṣọ́ ọ ni pé tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé ọba ló ni ín. Bí olè bá fọn ọ́n, ohùn rẹ̀ ni yóò tú u fó. Bí kò bá fọn ọ́n, èrè wo ló jẹ?

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò yàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní FUTA ní Àkúrẹ́, tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní ìlú Ondó, àgádágodo ló kọ́kọ́ máa ń rò. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní pẹ́ gé. Irin líle tí wọ́n tẹ̀ bí ọwọ́ garawa ló ń dá olè lágara. Ara kẹ̀kẹ́ gan-an ni kí a fi dè mọ́ òpó tí wọ́n rì mọ́ kọnkéré. Ẹni tó de táyà iwájú nìkan, olè á tú táyà sílẹ̀, á gbé ìyókù lọ.

Síbẹ̀, àgádágodo kàn ń fi olè falẹ̀ ni. Àmì ló ń sọ kẹ̀kẹ́ di kàkàkí. Dojú kẹ̀kẹ́ rẹ délẹ̀, kí o wo abẹ́ irin tí ọ̀pá ẹsẹ̀ méjèèjì gbà kọjá: ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ sábà máa ń lu nọ́ńbà sí. Kọ ọ́ sílẹ̀, ya fọ́tò rẹ̀, tọ́jú rìsíìtì, kí o sì fín orúkọ rẹ sára irin. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n jí ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ lè dé Ondó kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ju "dúdú ni" lọ, kí ni ọlọ́pàá fẹ́ fi wá a?

Ẹni tó ń ra kẹ̀kẹ́ tí wọ́n jí ńkọ́? Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa gbà bẹ́ẹ̀: abala 390 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sílẹ̀ fún olè jíjà lásán, ṣùgbọ́n abala 427 lè rán ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹrù olè lẹ́wọ̀n ọdún 14. Ẹ má ra kẹ̀kẹ́ tí ẹni tó ń tà á kò lè sọ ibi tó ti rí i.

Àkọsílẹ̀ kẹ̀kẹ́ kì í ṣe tuntun láàárín wa. Láyé àwọn baba wa, kẹ̀kẹ́ ń gba láísẹ́ǹsì. Títí di òní, Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ṣì fi láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, pẹ̀lú ti ọkọ̀ ojú omi kéékèèké àti ọmọlanke. Mo rọ Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ àti ti Ìwọ̀-oòrùn Ondó pé kí wọ́n lo agbára yìí láti dáàbò bo àwọn ènìyàn, kì í ṣe láti fi gba owó lásán. Kí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ ṣí ìwé orúkọ àti nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, má dúró dè wọ́n: kọ nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ rẹ sílẹ̀ lónìí.