Ìròyìn ní Nàìjíríà, láti Abẹ́òkúta títí dé orí fóònù

Abẹ́òkúta ni ìwé ìròyìn ti kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà. Ní 1854 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ìlú náà. Ní oṣù Kejìlá 1859, ẹ̀dà àkọ́kọ́ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó mọ̀wé. Owó ẹyọ 120 ni ẹ̀dà kan, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló sì ń jáde. Ìròyìn ìjọ ló kún inú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ọjà òwú àti ogun Ìjàyè fi wọ̀ ọ́. Townsend ń fi ìwé náà gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá, inú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó kò sì dùn sí i. Nígbà tí aáwọ̀ Ẹ̀gbá àti Èkó gbóná janjan ní 1867, àwọn ará ìlú lé àwọn òyìnbó jáde, wọ́n ba ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtẹ̀wé jẹ́. Ìfọ́ọ́lé ni wọ́n ń pe rúkèrúdò náà. Ìwé Ìròhìn kò dìde mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà náà, iṣẹ́ ọ̀hún ti fìdí múlẹ̀ ní Èkó. Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, ti dá Anglo-African sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1863. Ní 1891 ni John Payne Jackson, ọmọ Làìbéríà, bẹ̀rẹ̀ Lagos Weekly Record, tí kì í fojú ire wo ìwà àwọn òyìnbó aláṣẹ. Òfin 1903 tó ní kí onílé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn ṣe ìdúró £250 fi hàn pé àwọn aláṣẹ ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wọn.

Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí fi ń sọ̀rọ̀. Ọdún 1920 sí 1930 ni ìwé ìròyìn Yorùbá wá pọ̀: Èkó Àkéte ní 1922, Elétí Ọfẹ ní 1923, The Yoruba News tí D. A. Ọbasá ń tẹ̀ ní Ìbàdàn láti 1924, àti Akéde Èkó ti Isaac B. Thomas. Inú Akéde Èkó ni lẹ́tà Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ti ń jáde ní 1929 àti 1930. Sẹ̀gilọlá yìí ń ròyìn bí òun ṣe fi ẹwà àti ọkùnrin ṣòfò ayé, tí àìsàn wá dá òun dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè lóòótọ́, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Bí ìtàn àròsọ gígùn lédè Yorùbá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú ìwé ìròyìn, iṣẹ́ ńlá tó yẹ kí a máa fi rántí àwọn oníròyìn ìgbà náà. Lẹ́yìn wọn ni West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe dé ní 1937, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní 1949.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ti wọ Èkó láti 1935, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí kékeré ni, tí wọ́n fi wáyà fà wọ ilé ẹni tó bá lè san owó oṣooṣù. Ohun tí BBC bá sọ láti Lọ́ńdọ̀nù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ní ti tẹlifíṣọ̀n, ìjà òṣèlú ló bí i. Ní oṣù Kẹta 1953, Anthony Enahoro gbé àbá síwájú ilé aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò fara mọ́ ọn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group àti NCNC sì fìbínú jáde. Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó di ẹ̀bi náà ru Action Group. Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, bẹ̀bẹ̀ fún àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọn kò gbà fún un. Nígbà tí òfin ilẹ̀ ti 1954 gba àwọn ẹkùn láyè láti ní ilé-iṣẹ́ tiwọn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bá Overseas Rediffusion da owó pọ̀, WNTV sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959. Anike Agbájé-Williams ni àwọn òǹwòran kọ́kọ́ rí lójú ẹ̀rọ. Òǹkọ̀wé Adébáyọ̀ Fálétí ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ aláwàdà Moses Ọláìyá, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sàlá. Enugu tẹ̀lé e ní ọjọ́ òmìnira, Kàdúná àti Èkó sì ṣí tiwọn ní 1962.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ẹkùn dá sílẹ̀ nítorí pé wọ́n dí i lẹ́nu di ohun tí ìjọba ẹkùn náà fi ń dí ẹlòmíràn lẹ́nu. Lẹ́yìn ìbò 1965 tí èrú kún inú rẹ̀, ẹnì kan gbé ìbọn wọ ilé-iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn, ó sì mú kí wọ́n gbé téèpù mìíràn sáfẹ́fẹ́ dípò ọ̀rọ̀ Olórí Ìjọba ẹkùn náà, S. L. Akíntọ́lá. Wọ́n gbé òǹkọ̀wé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ sì dá a sílẹ̀.

Àwọn ológun kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àkóso kan. Ìjọba àpapọ̀ ra ìpín tó pọ̀ jù nínú Daily Times ní 1975, òfin 1977 sì sọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n di NTA. Òfin Kẹrin ti 1984 sọ oníròyìn méjì láti The Guardian sẹ́wọ̀n. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 1986, bọ́ǹbù tí wọ́n dì sínú lẹ́tà pa Délé Gíwá, olóòtú Newswatch, nínú ilé rẹ̀ l'Ékòó. Títí di òní, ilé ẹjọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú rẹ̀, ìyà ńlá sì ni èyí jẹ́ fún orílẹ̀-èdè.

Òfin 1992 ló gba aládàáni láyè láti ní rédíò àti tẹlifíṣọ̀n: Raypower dé ní 1994, Channels ní 1995. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun fagi lé ìbò June 12, 1993, tí wọ́n sì ti ilé-iṣẹ́ Concord àti Punch pa, àwọn akọ̀ròyìn Tell àti TheNews ń kọ̀wé láti ibi ìsápamọ́ sí. Ní 1996 ni Aláròyé ti Àlàó Adédayọ̀ tún fẹsẹ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá múlẹ̀. Ọdún 2018 ni BBC Yorùbá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Fóònù alágbèéká tó dé ní 2001 ló yí iṣẹ́ náà padà jù lọ. Sahara Reporters bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé láti New York ní 2006. Nígbà ìwọ́de EndSARS tí àwọn ọ̀dọ́ fi tako ìwà àwọn ọlọ́pàá SARS ní oṣù Kẹwàá 2020, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wo bí àwọn ṣọ́jà ṣe ń yìnbọn níbi ìwọ́de náà ní Lẹkí. NBC, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, bu owó ìtanràn lé àwọn tẹlifíṣọ̀n tó gbé irú àwòrán orí fóònù bẹ́ẹ̀ jáde, àwọn jàǹdùkú sì dáná sun ilé-iṣẹ́ TVC. Ní oṣù Kẹfà 2021, lẹ́yìn tí Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ rẹ́, ìjọba fòfin de Twitter. Àwọn ọ̀dọ́ bá ń gba orí VPN wọlé títí wọ́n fi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní oṣù Kìn-ín-ní 2022. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ìfòfindè náà tako ẹ̀tọ́ tí ará ìlú ní láti sọ̀rọ̀, ó sì pàṣẹ kí Nàìjíríà má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.