Àwòrán Mímọ́ Nínú Ilé: Láti Tournai dé Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ní ọjọ́ kan, mo fi ère kékeré kan han ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa. Màríà ni a gbẹ́. Ó wé gèlè, ó sì pọn Ọmọ sẹ́yìn. Ìyá náà mirí, ó ní, "Bàbá Àlùfáà, ẹ̀sín kọ́ nìyí? Ìgbà wo ni Màríà di ará ilé wa?" Ìbéèrè rẹ̀ ni ó bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rìn jìnnà. Ní nǹkan bí ọdún 1427 sí 1432, ní ìlú Tournai tí ó wà ní ilẹ̀ Belgium lónìí, ilé iṣẹ́ ayàwòrán kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Robert Campin ya àwòrán kan sórí pákó mẹ́ta tí a so pọ̀. New York ni ó wà nísinsìnyí, nínú ilé ohun àtijọ́ tí a ń pè ní The Cloisters. Gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 àti díẹ̀ lọ, ìwọ̀n tí ó yẹ ìdílé tí ń gbàdúrà nínú ilé.

Gébúrẹ́lì ni ó wá jíṣẹ́ fún Màríà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó ti bá a! Yàrá ará ìlú náà ni. Ìkòkò omi rọ̀ sára ògiri, aṣọ ìnuwọ́ wà nítòsí rẹ̀, àbẹ́là tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sì ń rú èéfín lórí tábìlì. Ìtànṣán méje gba ojú fèrèsé wọlé, ọmọ kíún kan sì ń bá wọn bọ̀, tòun ti àgbélébùú. Ní pákó apá ọ̀tún, Jósẹ́fù gbẹ́nàgbẹ́nà ń lu ihò sí pákó. Tàkúté eku tí ó ti ṣe tán wà níwájú rẹ̀, òmíràn sì wà lójú fèrèsé. Augustine Mímọ́ ti kọ́ni pé àgbélébùú ni tàkúté tí Olúwa fi mú Sátánì. Ẹ̀sín ha ni èyí bí? Rárá o. Àwọn ènìyàn náà gbà pé Ọlọ́run tí ó di ènìyàn kò kọ ilé ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé wàyí. Ní ọdún 1947, Fádà Kevin Carroll, àlùfáà Ìjọ Àgùdà, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Títí di ọdún 1954 ni ó fi wà. George Bándélé ni ọ̀gá agbẹ́gilére níbẹ̀, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, ní Kwara wa yìí, ẹni tí ó ti gbẹ́ ọpọ́n Ifá rí. Lamidi Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Wọ́n gbẹ́ ìbí Olúwa, wọ́n sì fi ìmúra ọba Yorùbá wọ àwọn amòye ìlà-oòrùn.

Àwa ọmọ Ìjọ Áńgílíkà ní ìbẹ̀rù tiwa, kò sì burú: òfin kejì kò tíì kú. Àwọn baba wa sun ère níná kí wọn tó ṣe ìrìbọmi. Ṣé iṣẹ́ tí a fi sin òrìṣà náà ni a ó tún fi gbẹ́ Màríà? Èmi pàápàá ti ṣe iyèméjì pẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àjàyí Crowther tẹ Ìwé Róòmù ní èdè wa ní ọdún 1850, kò dá èdè titun sílẹ̀. Èdè tí a fi ń bọ òrìṣà náà ni ó sọ di mímọ́. Ọ̀rọ̀ náà "àlùfáà" tí ẹ fi ń pè mí, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni a ti gbà á. Bí a bá lè túmọ̀ ìhìnrere sí ọ̀rọ̀ ẹnu, èéṣe tí a kò lè túmọ̀ rẹ̀ sára igi, bí kò bá ti sí ẹni tí yóò forí balẹ̀ fún igi náà?

Nítorí náà ni mo ṣe padà tọ ìyá náà lọ. Mo wí fún un pé, "Ẹ̀yin Ìyá, òótọ́ ni, Màríà kò wé gèlè. Bẹ́ẹ̀ ni kò wọ aṣọ Tournai. Àwọn ara ibẹ̀ gbà á sílé wọn; ẹ jẹ́ kí àwa náà gbà á sí tiwa." Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní kí n gbé ère náà wá, kí òun tún un wò.