Ìbò Kano Ọdún 1979

Nínú ìbò ààrẹ Nàìjíríà ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1979, Shehu Shagari ti ẹgbẹ́ òṣèlú NPN rí ìbò 5,688,857, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ẹgbẹ́ UPN rí 4,916,651. Ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù kò tíì wọlé, nítorí òfin ní ó gbọ́dọ̀ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ 19. Ìpínlẹ̀ 12 ni Shagari ti rí i. Ní ìpínlẹ̀ Kano, tí ì bá jẹ́ ìkẹtàlá, ìbò 243,423 péré ló rí nínú 1,220,763. Richard Akínjídé, agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ NPN, wá ní ìpínlẹ̀ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta Kano ni òfin ń béèrè, kì í ṣe 13, FEDECO, àjọ elétò ìdìbò, sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé ìbò Kano sí 813,842. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 203,460, Shagari sì ti borí. Àmọ́ wọn ò gé ìbò tirẹ̀. Ká ní wọ́n gé e bí wọ́n ṣe gé ti Kano, 162,282 ni ì bá kù, kò sì ní tó.

Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù kí ológun gbéjọba sílẹ̀ nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, lábẹ́ Adájọ́ Àgbà Atanda Fatayi-Williams, da ẹjọ́ tí Awólọ́wọ̀ pè ta ko èsì náà nù. Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣọ́ nìkan ló yapa. Ìṣirò Kano tí wọ́n gbà làwa ń sọ títí dòní, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe wá ní jàǹbá jù ni gbólóhùn kejì táwọn adájọ́ fi ti ìdájọ́ wọn lẹ́yìn: pé bí Kano ò bá tilẹ̀ pé, ìbò náà ti bá òfin mu dé ìwọ̀n tó yẹ. Àwọn kan á ní Shagari fi ìbò tó lé ní 770,000 ṣíwájú, pé kí ni adájọ́ ìbá ṣe láìda ìlú rú? Òótọ́ ni pé ó ṣíwájú. Síbẹ̀ òfin kan náà ti la ọ̀nà sílẹ̀: bí ẹnikẹ́ni ò bá kúnjú òṣùwọ̀n, kí àwọn aṣòfin dìbò yan ààrẹ. Títẹ̀lé òfin kò lè jẹ́ rúkèrúdò.

Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kenya wọ́gi lé ìbò ààrẹ. Òfin tiwọn náà ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n túmọ̀ rẹ̀ pé bí ètò ìbò bá ti ta ko ìlànà òfin gan-an, ó tó láti fagi lé e, èsì ìbò ìbáà yí padà, ìbáà má yí. Ní tiwa, abala 135 òfin ìdìbò ọdún 2022 fi dandan lé e pé kí àbùkù náà ti yí èsì padà kí ìbò tó lè ṣubú. Láti 1979 títí di 2023, ilé ẹjọ́ kankan ò fagi lé ìbò ààrẹ ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ tún irú abala bẹ́ẹ̀ kọ.