Ológbò Ń Bì Ni, Àbí Ó Ń Pọ Oúnjẹ?

Ẹni tí ológbò rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í bì ní Ita-Djèbou, lágbègbè Sakété, kì í wá ọ̀rọ̀ tì nínú ilé. Yóò sọ pé ológbò kọ oúnjẹ láti àná, pé inú ń rìn ín, pé itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, pé ìfófòó àti omi òróòro ló bì. Ará Pobè yóò gbọ́ ọ, ará Ìpókíá ní òdìkejì ẹnubodè yóò gbọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Ọ̀pọ̀ dókítà ẹran ilẹ̀ Benin ló kọ́ṣẹ́ ní Dakar, nílé ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọba Áfíríkà tó ń sọ Faransé jọ dá sílẹ̀ ní 1968. Àwọn tó wà nílé ìwòsàn ẹran ti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ àrùn fi ń jáde lẹ́nu tiwọn.

Àlàfo yìí ni àwọn aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ kan máa ń fẹ́ dí lọ́nà tó ń bíni nínú. Wọ́n á mú ọ̀rọ̀ àjèjì kan, wọ́n á tú u wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á wá fi dáàṣì dè é pọ̀: ìdá-oúnjẹ-padà-sẹ́nu-láti-ọ̀nà-ọ̀fun. Ta ni yóò fi èyí pe dókítà lórí fóònù lóru?

Ohun tí dókítà kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá oúnjẹ náà dé ikùn kó tó padà, tàbí ọ̀nà ọ̀fun ló ti yí padà. Ológbò tó ń bì máa ń ṣe làálàá gan-an. Yóò ká ara jọ, yóò na ọrùn síwájú, ikùn rẹ̀ yóò máa sún kì, kí ohun tó ti ń dà nínú rẹ̀ tó tú jáde. Èkejì kò ní wàhálà kankan: ológbò jẹun tán, ó tẹ orí ba, oúnjẹ bọ́ sílẹ̀ gbọọrọ bó ṣe wọlé, láìdà, láìkan. Èkíní lè ti ikùn, ifun, ẹ̀dọ̀, kídìnrín tàbí májèlé wá. Ọ̀nà ọ̀fun ni a ó kọ́kọ́ fura sí nínú èkejì.

Ọ̀rọ̀ Látìn gígùn ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi pààlà sáàárín méjèèjì. Yorùbá fi sílébù kọ̀ọ̀kan ṣe é: bì àti pọ̀. Ìyá ọlọ́mọ tí ọmọ rẹ̀ da omi ọyàn padà sí i léjìká kì í sọ pé ọmọ bì. Ọmọ pọ ọyàn ni, kò sì sẹ́ni tó ń sáré wá oògùn sí i. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kan náà ló wà nínú Bíbélì, nínú ìwé Léfítíkù orí 11, níbi tí wọ́n ti dárúkọ ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ. À-pọ̀-jẹ: ohun tí a pọ̀, tí a tún jẹ. Màlúù kì í bì koríko, ó ń pọ̀ ọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni darandaran tí kò rí ẹnu ọ̀nà yunifásítì ti mọ ìyàtọ̀ tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Dakar.

Àtakò kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. “Ó pọ̀” túmọ̀ sí pé nǹkan kò kéré, etí lè ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n pọ̀ ti oúnjẹ kì í dá dúró. Ó máa ń ní àbọ̀: ó pọ ọyàn, ó pọ ẹja tó jẹ. Kí ẹni tó ń kọ ìwé ìlera ẹran má ṣe yọ àbọ̀ náà, ìṣòro tán. Bó bá ń fi álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Benin ti 1975 kọ ọ́, kpɔ̀ ni yóò kọ, ìró kan náà ni. Àwọn kan lè fẹ́ ṣẹ̀dá àpọ̀dànù láti ara àpọ̀jẹ. Ó dùn létí, àmọ́ ológbò sábà máa ń padà lá ohun tó pọ̀, kò dà á nù. Pípọ̀ ti tó.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù kò gba àkókò. Aràn ni aràn, ibà ni ibà. Kókó irun ni irun tí ológbò fi ahọ́n lá mì tó dì sínú. Ifun ni ifun: bí òwú aránṣọ bá há sábẹ́ ahọ́n ológbò, tí ìdí rẹ̀ ti wọ ifun lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fà á, nítorí ó lè gé ifun. Ẹ̀dọ̀ náà kò ní àríyànjiyàn. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè tú parasẹtamọ́ọ̀lù palẹ̀ bíi tèèyàn, hóró kan ti 500 mílígíráàmù sì lè pa á.

Kídìnrín ńkọ́? Àwọn tó fẹ́ ojúlówó Yorùbá á ní ká lo iwe, torí òun ni Bíbélì lò. Lọ́jà lónìí, iwe ni èyí tí wọ́n ń là, tí wọ́n ń fọ iyanrìn inú rẹ̀ kúrò lára adìyẹ. Ológbò kò ní irú iwe yẹn. Àgbà ológbò tí kídìnrín rẹ̀ ń kọṣẹ́ máa ń bì, ó ń rù, ó sì ń mu omi púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí olówó rẹ̀ gbọ́ kídìnrín.

Ibi tí ìjà wà gan-an ni orúkọ àrùn kan tó ń pa ọmọ ológbò: èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ibà líle, kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó run tán. Faransé ń pè é ní typhus du chat, bẹ́ẹ̀ kòkòrò tí iná aṣọ ń gbé kiri ló ń fa typhus tèèyàn, kò kan ti ológbò rárá. Gẹ̀ẹ́sì fún un lórúkọ àrùn ajá mìíràn. Àwọn tí à bá yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn náà ti ṣìnà.

Yorùbá ní orúkọ kan tó lè fani mọ́ra níbí: onígbáméjì, ìyẹn kọ́lẹ́rà. Kò sí ọ̀rọ̀ ìṣègùn tó lẹ́wà tó o. Kò sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò. Olùtọ́jú ló ń fi hàn wá, pẹ̀lú igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́. Síbẹ̀, kí a má pe ti ológbò ní onígbáméjì ológbò. Kọ́lẹ́rà ń ran èèyàn, ó sì ti pa èèyàn ní Benin. Àdúgbò tó bá gbọ́ orúkọ yẹn lè pa gbogbo ológbò inú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àrùn ológbò yìí kì í ran èèyàn. Bí a bá wá fi sẹ́ẹ̀lì funfun sọ ọ́ ní apa-sójà-ara ológbò, a ti kó sọ́wọ́ HIV, tó ti gba kòkòrò apa sójà ara. Kòkòrò ológbò kan sì wà tó jọ HIV lóòótọ́, òun náà kì í ran èèyàn. Òun ni orúkọ yẹn yóò bá mu.

Ẹ jẹ́ ká yá a: páfò ológbò. Àwọn tó ń sin ajá ní Nàìjíríà ti mọ páfò ajá, tó yọjú ní 1978, tó sì jẹ́ ọmọ ìyá páfò ológbò gan-an. Orúkọ náà á fi ìbátan wọn hàn. Ó tún yọ wá nínú kòkòrò, ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe tata, aràn àti ohun tí ojú kò lè rí papọ̀. Ẹni tó gbọ́ kòkòrò á lọ ra oògùn aràn. Páfò kò gbọ́ oògùn aràn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni a fi ń dènà rẹ̀. Ohun tí ojú rí, kí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá sọ ọ́. Ohun tó jẹ́ pé máíkírósíkóòpù nìkan ló rí i, kò sí ẹ̀gàn nínú yíyá.

Ó ku omi ara. Àìlómi-lára ni àwọn kan ń kọ, ó sì dà bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ pàápàá kò sí nínú ẹran náà mọ́. “Ológbò mi gbẹ” kò dára tó, nítorí rírù ni aráàlú á gbọ́, rírù sì ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. “Omi ara rẹ̀ ń gbẹ” ni gbólóhùn tó péye, èyí sì lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Kí olówó rẹ̀ fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè, kó jù ú sílẹ̀. Bí awọ náà bá dúró sókè díẹ̀ kó tó padà, omi ara ti gbẹ, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n sì sọ fún un bóyá ó ń bì tàbí ó ń pọ oúnjẹ.